Bí Àyìnkẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Jẹun

Ìyá ọkọ mi ò rí i rí kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọmọ oṣù 7, kí ìyá rẹ̀ sì káwọ́ gbera máa wò ó. Ní Kétu níbí, rírọ la máa ń rọ ọmọ: ọmọ lórí itan, ẹ̀kọ lọ́wọ́, igbe lẹ́nu.

"Ìyàwó, ta ló ń fún ìkókó ní nǹkan mú dání?"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó náà, Ìyá."

Mo ti dúró kó pé oṣù 6 kó sì ré kọjá. Ó ti ń dá jókòó láìfara ti nǹkan, ahọ́n rẹ̀ ò sì ti oúnjẹ síta mọ́. Ọyàn ò kúrò níbẹ̀ o.

Ànàmọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí iṣu máa ń gbẹ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Mo sè é láìfi iyọ̀ sí i, mo gé e tó ìka mi kan, ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ọmọ tó kéré báyẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ọwọ́ mú ohun tó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ jáde, àfi kí orí ànàmọ́ yọ síta kó lè rí i jẹ. Mo wá fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá fọ́ láìjanpata, ó jinná. Èyí tó bá ṣagídí, ó padà sínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ kìíní, etí àti irun ló jẹ ẹ́. Àwọn adìyẹ ló yó.

Ọjọ́ kẹta ni àyà mi já. Ojú Àyìnkẹ́ pọ́n, omi dà lójú rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ó ń wúkọ́. Ìyá ti nawọ́, wọ́n fẹ́ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo di ọwọ́ wọn mú, ọwọ́ tèmi náà sì ń gbọ̀n. Agbẹ̀bí ti sọ fún wa lọ́jọ́ tí a gbé ọmọ lọ wọ̀n: èyí tó ń wúkọ́, tó ń pariwo, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ jà fúnra rẹ̀, ìka ẹni ló máa tì í wọ ọ̀fun. Èyí tó bá dákẹ́, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè ké, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ìyẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ dojú rẹ̀ dé sórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn, nígbà 5. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà kó dojú sókè, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀, nígbà 5. Ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa sáré wá ìrànlọ́wọ́.

Àyìnkẹ́ tu ànàmọ́ náà jáde, ó wò wá, ó nawọ́ mú òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló kan píà, mo fi èèpo sílẹ̀ nídìí rẹ̀ kó má baà máa yọ̀, àti ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò láta. Mo máa ń fi ọjọ́ mélòó kan sí àárín oúnjẹ tuntun kan sí òmíràn, kí n lè mọ èyí tó bá sú u lára. Ẹja ló ń gba sùúrù mi jù: mo ti lérò lẹ́ẹ̀mejì pé eegun ti tán, ìka mi sì tún kan òmíràn. Ẹ̀pà oníhóró ò wọ ilé. Lílọ̀ tó kúnná ni mò ń pò mọ́ ẹ̀kọ.

Oyin la jà lé lórí. Mo ní kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ara ìkókó rọ jọwọlọ. Ìyá ní, "Oyin tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ!" Ìgò náà ṣì wà lórí pẹpẹ. Àyìnkẹ́ ti pé oṣù 9, ó ti ń fi ìka méjì ṣa ẹ̀wà jíjinná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ń ka oṣù.