Ẹ Yé Náwó Sórí Fídíò Tí Ẹnì Kankan Ò Ní Fi Ránṣẹ́

Ó ti sú mi láti máa wo àwọn ọlọ́jà wa bí wọ́n ṣe ń náwó tí wọ́n fi òógùn kó jọ sórí ohun tí kò lè mú oníbàárà kan ṣoṣo wá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá oníṣòwò ṣe fídíò àti àwòrán tí wọ́n ń gbé sórí Facebook, Instagram, TikTok àti WhatsApp. Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú òpó tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé fídíò sórí rẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí owó ń gbà lọ ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. A máa ń gbàgbé pé ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe fi ránṣẹ́. Kò rántí tiwa rárá. Ó fẹ́ pa ọ̀rẹ́ náà lẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ìlú rẹ̀ yangàn, ó fẹ́ kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀, tàbí ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i. Bí ohun tí ẹ ṣe kò bá bá a ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, orí ojú òpó yín náà ló máa wà títí.

Èkíní, fláyà. Màá pẹ́ díẹ̀ níbí o, torí òun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa jù.

Ẹ̀yin náà mọ fláyà tí mò ń wí. Lọ́gò wà lókè, àwòrán ọ̀gá nínú gèlè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta wà nísàlẹ̀, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ wọn, orúkọ gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù sì kún àárín títí ojú ò fi ríbi gbà. Wọ́n á wá kọ ọ́ sí i pé ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ló jẹ àwọn lógún. Wọ́n sanwó fún ẹni tó yà á, wọ́n tún sanwó fún Facebook kó lè gbé e dé ojú èèyàn púpọ̀. Mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ìgbà wo lẹ fi fláyà ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín gbẹ̀yìn? Wọ́n á dákẹ́. Ìkéde òkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó là ń fi ránṣẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ náà kan èèyàn wa. Fláyà ṣọ́ọ̀bù ò kan ẹnì kankan yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín.

Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó júwe mi fún un. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, àbí wọ́n ti fi nǹkan dí ojú òpó mi ni?" Wọn ò fi nǹkan kan dí i. Fláyà lórí fláyà ló kún ibẹ̀. Mo ní kí ìyá mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé òun dọ̀tí, pé ohun táwọn èèyàn fẹ́ rí ni aṣọ tó ti gbẹ tí wọ́n ti lọ̀.

Ìkòkò aró wà lábẹ́ páànù. Ọmọ iṣẹ́ kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó fa aṣọ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí aṣọ náà ṣe ń jáde, àwọ̀ ewéko ló ní, ewéko tútù tó fẹ́ jọ pupa rúsúrúsú. Ọmọ náà tẹ́ ẹ sórí okùn. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, etí aṣọ ti ń dúdú, aró ń tàn wọ àárín, gbogbo ojú aṣọ sì di aró níṣojú wa. Bí ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: inú ìkòkò kọ́ ni aṣọ ti ń di aró, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde. Ìyá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé èyí náà ni nǹkan?" Ó ti ń rí i láti kékeré, kò wá jẹ́ ohun ìyanu lójú rẹ̀ mọ́.

Fóònù ìyá náà la fi ya fídíò ọ̀hún. Ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré la kọ sójú rẹ̀: "Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró." Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e sórí status, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun gbà á, àwọn olùkọ́ fi í sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, àwọn tí ìyá kò mọ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tó ń ta ọ̀pá kan. Kò san kọ́bọ̀ fún Facebook lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn náà la ṣe ti Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa mọ bátànì yẹn, òun ni wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. A ya ọwọ́ ìyá bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ lááfún sójú aṣọ, òpó kan tẹ̀ lé òmíràn, a ò sì sọ pé Mápó ni títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ló gbé e kiri. Àwọn tó ń kọ "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé" sábẹ́ rẹ̀ kò ronú pé ọjà ìyá làwọn ń polówó. Ìlú wọn ni wọ́n ń fi yangàn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ìyá sì wà ní igun fídíò náà bó ṣe ń lọ.

Mo tẹnu mọ́ èyí torí ọ̀pọ̀ nínú yín ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń fín igbá, ẹni tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń din dùǹdú, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ tó lè ya ènìyàn lẹ́nu wà níwájú wọn lójoojúmọ́. Wọ́n á ti ìyẹn sẹ́yìn, wọ́n á lọ sanwó fún fláyà.

Èkejì, ríra ọmọlẹ́yìn. Àwọn tó ń tà á ní "ẹgbẹ̀rún kan ní iye báyìí" ń ta orúkọ lásán fún yín. Orúkọ lásán kì í ra aṣọ, kì í sì í ní ọ̀rẹ́ tó máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí. Ó tún ń ba tiyín jẹ́, torí bí ẹ bá gbé nǹkan jáde, tó dé iwájú ẹgbàágbèje tí kò sí níbì kankan, tí ẹnì kankan ò wò ó, ẹ̀rọ tó ń pín in kiri á gbà pé kò dáa, kò sì ní gbé e lọ jìnnà mọ́. Oníṣòwò kan bínú sí mi nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ìlara ló ń ṣe mí. Ó sì tún lọ rà sí i.

Ẹ̀kẹta, "fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí ìbùkún lè dé." Láti oṣù kejìlá ọdún 2017 ni Facebook ti kéde pé àwọn á máa ti irú ẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Fídíò TikTok tí àmì TikTok ṣì ń fò kiri lójú rẹ̀ kì í rìn jìnnà lórí Instagram. Àwọn ará Instagram fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ yà látilẹ̀ wá, kí ẹ gbé òun lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà wá ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó tí kò ju 50% lọ lé iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń ra dátà ọjọ́ kan lówùúrọ̀ kò ní fi í wo lọ́gò yín tó ń yí, kò ní fi í gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró kí ẹ kí òun tán. Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ń kíni kó tó sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun tó ya ni lẹ́nu ṣíwájú, kí ìkíni máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ sì jẹ́ kó fúyẹ́: fídíò tó bá tóbi jù, àmì ìgbàsílẹ̀ nìkan ni ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí máa rí, á sì kọjá.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò. Èrò inú dáńfó ń wò ó láìsí ohùn, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ń wò ó láìsí ohùn, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo létí àwọn yòókù.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́pọlọ ló ń ṣe é jù: wọ́n á ní gbogbo ayé làwọn ń ṣe é fún. Láti ọdún 2019, WhatsApp kì í jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, èyí tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, tó ní ọfà méjì lórí, ibi kan ṣoṣo ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ fi tiyín ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ yan ẹni tó tọ́ sí. Ẹ bá a yàn án sílẹ̀. Aránṣọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ l'Òṣogbo fẹ́ ṣe fídíò "gbogbo irú aṣọ là ń rán". Mo ní kó fi bí wọ́n ṣe ń to òdòdó ańkárá kó lè bára mu láyà àti lápá hàn, kó sì fi èyí tí wọ́n gé láìwo òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin fi í ránṣẹ́ sí aránṣọ tiwọn. Wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un tipẹ́ láìjà.

Àwọn tó ń fi àánú polówó, ẹ gbọ́ mi. "Mi ò tíì tà láti àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́." Àánú á ṣe èèyàn, wọ́n á gbàdúrà fún yín, wọn ò sì ní fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan. Lọ́dún 2012, Jonah Berger àti Katherine Milkman gbé ìwádìí jáde lórí àwọn àròkọ ìwé ìròyìn New York Times tí àwọn òǹkàwé fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tó ya ni lẹ́nu rìn jìnnà, ohun tó bí ni nínú àti èyí tó dáyà já ni náà rìn jìnnà, ohun tó bani lọ́kàn jẹ́ kò rìn bíi tiwọn. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn lọ máa bí èèyàn nínú tàbí kí ẹ máa dẹ́rù bà wọ́n. Èyí dùn mí ju gbogbo owó tí wọ́n ń sọ nù lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ irọ́ pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ọmọ ló fi ránṣẹ́ sí òbí, torí pé wọ́n fẹ́ràn wọn. Àwọn kan kú nídìí iyọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà lohun tí ẹ ń sọ lórí àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń rìn, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ló ń parí sí, wọn kì í sì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí n bá òun ṣe "ó ń wo gbogbo àrùn", mi ò ní gbowó rẹ̀. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ NAFDAC.

Fífi àwòrán ẹlòmíràn tajà náà ò dáa. Lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí àwọn oníṣòwò tó lẹ lọ́gò mọ́ ọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Wọ́n rò pé àwòrán náà á fa oníbàárà wá. Iyì Ìjẹ̀bú, aṣọ ẹgbẹ́ àti ìrìn ọkùnrin náà lórí ẹṣin làwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń ta aṣọ òkè tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi bí ẹ ṣe ń tọ́jú tiyín de ọjọ́ náà hàn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó dé.

Oríkì ìlú ń rìn dáadáa, ẹ kàn rí i pé ẹ bi àgbàlagbà ìlú náà kí ẹ tó gbé e jáde, torí àwọn ọmọ onílùú á bá yín wí lójú gbogbo ayé.

Ẹ rántí pé bí fídíò bá ti bọ́ sórí WhatsApp, ojú òpó yín kò bá a lọ. Ẹlòmíràn á tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù, á gbé e sórí status fún wákàtí 24, ẹni tó bá rí i níbẹ̀ kò ní mọ ibi tó ti wá. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìlú yín sínú fídíò gan-an, kó kéré, kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ má sì fi sísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn á ti bò ó. Nọ́ńbà kan ti tó, kó sì jẹ́ èyí tó wà lórí WhatsApp.

Kí ẹ sì kọ iye ọjà. Ẹnì kan á béèrè "Èló ni?", ẹ̀yin á ní kó wá bá yín ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ Sátidé kò ní wá. Ẹ kọ iye tí ọ̀pá kan jẹ́ àti iye tí ẹ ó fi gbé e dé Èkó, dé Ìbàdàn, dé Ìlọrin, kí ẹ sì yí i padà lọ́jọ́ tí owó bá lé.