Bí a ṣe lè kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ ní ẹbí-ẹbí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, WAEC tàbí IELTS ló máa ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣòro sínú ìwé ní ìlà-ìlà, tí yóò kọ ìtumọ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa há wọn sórí. Kì í pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń fò lọ, nítorí pé kò sí ohun tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sí òun lórí, ẹbí-ẹbí ni kó máa kọ́ ọ, ìyẹn ni kó máa kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ní orísun kan náà jọ.

Inú ìtàn èdè náà ni ìdí rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, èdè Faransé di èdè ààfin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọ́ wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé tún ń yá ọ̀rọ̀ tààrà láti inú èdè Látìn àti Gíríìkì. Níwọ̀n bí Faransé fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ Látìn, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí à ń bá pàdé nínú ìwé òfin, ìwé ìròyìn àti ìwé sáyẹ́ǹsì ló jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ mú gbòǹgbò kan ṣoṣo, ìyẹn apá tí àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹbí kan jọ ní, kí ẹ má sì kánjú kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo “spect”, tó ti inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tó dúró fún wíwo nǹkan wá. “Inspect” ni kí a yẹ nǹkan wò fínnífínní; “retrospect” ni bíbojú wẹ̀yìn; “prospect” ni ohun tí à ń fojú sọ́nà fún; “introspection” sì ni kí ènìyàn máa yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Bí fáwẹ̀lì tilẹ̀ yí padà, ẹbí kò yí: “conspicuous” ni ohun tó hàn gbangba tí ojú kò lè fò dá. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni “circumspect”, ẹni tó ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó gbẹ́sẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti mọ̀ pé yíyí nǹkan ká ni “circum-” ń sọ, ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ “circumference”, “circumnavigate” àti “circumvent”, nítorí pé àfòmọ́ náà, ìyẹn ègé tí a so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, ní ẹbí tirẹ̀.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ máa ń da àwọn mìíràn láàmú, torí pé ó máa ń pa àwọ̀ dà. Kò yẹ kí èyí ba ọmọ Yorùbá lẹ́rù rárá. “Oní-” kan náà ló wà nínú onímọ́tò, aláṣọ, ẹlẹ́ja, olówó àti ọlọ́tí. Ìró tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di oríṣiríṣi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “in-” tó ń tako ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń di “im-” níwájú p, b àti m, bíi “impossible”, “imbalance” àti “immature”. Ó ń di “il-” nínú “illegible”, ó sì ń di “ir-” nínú “irrelevant”. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa ṣiyèméjì mọ́ bóyá m kan ni tàbí méjì: ọ̀kan jẹ́ ti àfòmọ́, èkejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ẹ tún wo “accommodate”, tí a máa ń rí i tí wọ́n ṣì kọ lára pátákó ilé ìtura. “Ad-” ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, tó di “ac-” níwájú c. “Com-” ló tẹ̀lé e, kí “mod” tó dé. Nítorí náà ló ṣe ní c méjì àti m méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbára lé àfòmọ́ ju bó ti yẹ lọ. “Inflammable” kò túmọ̀ sí ohun tí iná kò lè ràn; ó túmọ̀ sí ohun tó ń tètè gbiná, nítorí “in-” tibẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń tako nǹkan. Ohun tó bá jẹ́ “invaluable” náà kì í ṣe ohun tí kò níye lórí, bí kò ṣe èyí tó ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè dá iye lé e. Ẹni tó jẹ́ “uninterested”, ọ̀rọ̀ náà kò wù ú. Èyí tó jẹ́ “disinterested” ni adájọ́ rere, tí kò ní èrè kankan nínú ẹjọ́ tó ń dá.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yíjú sí ìparí ọ̀rọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe ti ń yà kúrò lára ara wọn. Ẹ fi etí sí ohùn níbẹ̀, torí pé ìdánwò máa ń bèèrè rẹ̀: sílébù àkọ́kọ́ ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú “photograph”, ìkejì ni nínú “photography”, ìkẹta sì ni nínú “photographic”. Nínú ẹbí “dict”, tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, a ń pe c inú “predict” àti “verdict”, ṣùgbọ́n a kì í pè é nínú “indict”.

Ojú ewé kan fún gbòǹgbò kan ti tó nínú ìwé yín, gbòǹgbò méjì lọ́sẹ̀ sì ti tó fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ gbòǹgbò sáàárín, ẹ to àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe èyí tí ẹ dà kọ. Bí ẹ bá wá bá ọ̀rọ̀ àjèjì pàdé nínú ìwé ìròyìn, bíi “malefactor”, ẹ kọ́kọ́ tú u wò: “mal-” jẹ́ ti ibi, “fact” jẹ́ ti ṣíṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, kí ẹ sì rí i pé irú èyí tó ń sọ orísun ọ̀rọ̀ ni ẹ ń lò.