Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá gbé àgúnmu lọ fún àyẹ̀wò oògùn apakòkòrò

Láti ìgbà tí àwọn oníbàárà òkè òkun ti ń béèrè èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó ra ewé moringa, ewúro tàbí atalẹ̀ tí a lọ̀ kúnná, àwọn tí ń ṣe àgúnmu àti kápúsù ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ti ń gbé ọjà wọn lọ sí láàbù. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n láàbù kò lè sọ ju ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀rọ rárá.

Ẹ má ṣe bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ẹnu àpò tí ojú rẹ̀ mọ́ jù. Ewé tí ẹ rà ní Ọjà Arada lè ti oko ènìyàn márùn-ún wá, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló fín oògùn sí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó já a. Bí ewé tirẹ̀ kò bá sí nínú ohun tí ẹ bù, èsì yóò dára lójú, oògùn yóò sì wà nínú ọjà síbẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá tó mọ́, ẹ pò ó pọ̀, ẹ kó o jọ bí òkìtì, ẹ tẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin; ẹ kó ìdá méjì tó dojú kọra kúrò, ẹ tún èyí tó kù pò, títí yóò fi ku ìwọ̀n tí láàbù béèrè fún. Àwọn ọmọṣẹ́ kì í fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà àbùjá kankan tó ṣeé fọkàn tán.

Ike tí oògùn oko ti wà nínú rẹ̀ rí kò yẹ fún àpẹẹrẹ, ìyẹn ohun tí a bù fún láàbù, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àpẹẹrẹ sùn sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, nítorí pé dichlorvos, tí a ń pè ní ọ̀tapiápiá, máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́.

Àṣìṣe tó ń ná ènìyàn lówó jù ni kí a kàn sọ pé, “Ẹ bá mi yẹ oògùn inú rẹ̀ wò.” Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò, QuEChERS, tí ó jáde ní 2003, lè wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n glyphosate àti paraquat kì í sí lára wọn, nítorí pé inú omi ni wọ́n máa ń dúró sí, wọn kì í tẹ̀lé acetonitrile, kẹ́míkà olómi tí a fi ń fa àwọn yòókù jáde. Àyẹ̀wò tiwọn lọ́tọ̀, owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn koríko tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ bí ẹní mowó nìyẹn. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ́. Ẹ béèrè ohun tí àgbẹ̀ fín, kí ẹ kọ ọ́ fún láàbù.

Bí èsì bá ní “a kò rí i”, ẹ wo ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè kà. Ìwọ̀n tí Yúróòpù ń lò fún oògùn tí kò ní òfin tirẹ̀ ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Láàbù tí kò lè ka ohun tó kéré sí 0.05 kò lè sọ fún yín bóyá ẹ yege. Dichlorvos tó kọjá 0.01 yìí ló mú kí Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní 2015. Gbígbẹ náà ń dá kún un: omi lọ, oògùn tí kò bá omi lọ yóò pọ̀ sí i nínú kílò ewé tó kù.

Ìwé ẹ̀rí ISO/IEC 17025, tí ó ń fi hàn pé láàbù mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣe bí ìlànà àgbáyé ti wí, kì í bo gbogbo iṣẹ́ láàbù. Ẹ béèrè fún àkójọ àyẹ̀wò tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ má ṣe lẹ èsì ewé òjò èṣí mọ́ ewé ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí, ẹ má sì ṣe fín ọ̀tapiápiá sí yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn tí àpẹẹrẹ ti lọ. Nọ́ńbà tó wà lára àpò gbọ́dọ̀ bá ti orí ìwé èsì mu.