Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìtọ́jú àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì

Ogun ni ó bí orúkọ ìlú wa. Gbogbo ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni ó gbọ́ ìtàn Ògúnlọlá tí ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, a kì í sì í gbàgbé láti fi yangàn pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni Tóyèjẹ, ọmọ ìlú yìí kan náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa wọṣẹ́ ológun, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá tó bí Benjamin Adékúnlé, ọ̀gágun tí ó darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Third Marine Commando. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà náà ti lé ní ọdún 75 báyìí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun apẹ̀tùsáwọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà láti ọdún 1990, àti àwọn tí ó ń bọ̀ láti ojú ogun Boko Haram, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 40.

Bàbá mi wà lára àwọn ti ogun abẹ́lé; ìdí àgbá ni wọ́n fi í sí. Láti ìgbà tí ó ti kú ni mo ti ń sin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àti sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé owó ìfẹ̀yìntì wò. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa, láti inú ilé títí dé ọ́fíìsì, ibì kan náà ni ó ti ń ṣẹ̀ wá: a máa ń dúró kí bàbá sọ́jà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti wọ bárékè ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọkùnrin kì í ráhùn. Bí ẹ bá bi í pé, “Bàbá, ṣé ara le?”, á ní, “A dúpẹ́,” ẹ ó sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí etí, nítorí òun ni a máa ń fojú kéré jù. Má ṣe pe etí tí kò gbọ́ràn mọ́ ní agídí. Ariwo ìbọn àti àgbá a máa pa àwọn irun tíntìntín tí ó wà ní ìsàlẹ̀ etí lọ́hùn-ún, àwọn tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, èyí tí ó bá sì ti kú nínú wọn kì í hù mọ́. Ohùn tó ga, tó sì tín-ín-rín, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi lè dá ọkùnrin tó ní ohùn ńlá lóhùn láti ìta, tí ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin á pè é nínú yàrá kan náà tí kò ní gbọ́. Wọ́n á wá máa rò pé ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ni.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú kí bàbá mi tó kú, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. A dé ibẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù. Mo jáde lọ ra omi, kí n sì tó padà, nọ́ọ̀sì ti yọjú lójú fèrèsé, ó ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹ̀yìn bí ìgbà tí ó wà níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó ń wo iwájú. Wọ́n ti ki fáìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo fáìlì. Nígbà tí mo lọ bẹ̀bẹ̀, èsì tí wọ́n fún mi ni pé, “Bàbá yín ń ṣe agídí, a pè wọ́n títí.” Aago méjì ọ̀sán kọjá kí a tó rí dókítà. Lójú ọ̀nà ilé, ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n pè mí ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.” Kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé Tákìé.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe ro àdí gbígbóná tàbí ọtí sí irú etí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a lè ro sí i tí yóò jí ohun tí ó ti kú. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí, kí ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ sì dúró níwájú rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí ẹnu yín, kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fáìlì pé aláìsàn yìí kò gbọ́ràn dáadáa. Kò ju ìlà kan lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀lé e wúwo ju èyí lọ: kí a máa pe ọgbẹ́ ọkàn ní wèrè, tàbí kí a sọ pé àwọn ayé ni ó ń bá a jà. Ẹni tí ó bá ti rí ikú lójú ogun lè máa tún un rí lójú oorun. Ó lè máa ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá, ó lè máa bínú láìnídìí tí ẹnikẹ́ni rí, ó lè kọ̀ láti dé àárín èrò. Nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún máa ń kọjá kí ó tó hàn. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é ni PTSD, ọdún 1980 sì ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ yìí sínú ìwé àìsàn wọn. Ogun tiwa ti parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni àwọn bàbá wa ti wà nílé kí àìsàn wọn tó ní orúkọ yìí rárá. Ẹ ò lè retí pé kí wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, màmá mi sá èlùbọ́ sí àgbàlá, bàbá mi sì ń bá a kó o sínú abọ́ nígbà tí ọmọ kan ní àdúgbò ju nọ́káòtù sí ẹ̀yìn ògiri. Kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá ti dojú bolẹ̀, ọwọ́ méjèèjì bo orí, èlùbọ́ sì fọ́n ká. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó bi í ní nǹkan kan nínú wa. Títí di òní ni ó ń dùn mí pé èmi náà dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ gbá a mọ́ra lójijì bí ó bá ń ké lójú oorun, nítorí ó lè jí pẹ̀lú ìjà. Ẹ dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tan iná, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ó wà fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa fi ọtí tàbí Tramadol wá oorun. Tramadol lè fa gìrì, bí ó bá sì pàdé ọtí nínú ara, ó lè dẹ́kun èémí. Ìtọ́jú tòótọ́ wà: ìjókòó-sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti oògùn tí dókítà bá kọ. Ẹni tí ó bá lọ rí dókítà ọpọlọ kò di wèrè nítorí pé ó lọ. Àdúrà kò lòdì sí ìtọ́jú yìí. Ohun tí ó léwu ni kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá sọ́jà á lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara á tù ú, á sì dá a dúró. Ara tó tù ú yẹn, oògùn ló ń ṣe é. Ẹ máa ka hóró oògùn inú ike rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Èyí dára ju kí ẹ bi í bóyá ó lò ó.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn olówó wa náà ní àṣìṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, a máa ń fi òdòdó sí ibi ìrántí, a máa ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, a sì máa ń pín ìrẹsì fún àwọn tí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn títí ayẹyẹ yóò fi parí. Ìrẹsì náà dára, mi ò bú ẹni tí ó fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó nílò ìrànwọ́ jù kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé, tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ sì ń bó o lára, ilé ni ó wà. Owó ìrẹsì ọdún kan lè gbé nọ́ọ̀sì kan káàkiri ilé wọn lóṣooṣù, láti Arówómọlẹ̀ títí dé Òkè-Ẹ̀lẹ̀rìn, kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ó wo ojú ọgbẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bákan náà ni àṣà kí a máa sọ fún wọn pé ilé ìwòsàn ológun ní Ìbàdàn nìkan ni tiwọn. Ọ̀nà tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà ni fún ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń dùn. Ilé ìwòsàn tí àwọn Baptist dá sílẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́ ti wà láti ọdún 1907, ti LAUTECH náà sì wà lẹ́bàá wa. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò kan. Ẹ bá bàbá bèèrè èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ fún un, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì kọ́ ni a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá káàdì.

Ó ku ìwé. Wọ́n á fi ìwé ìdásílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun sínú àpò ìwé kan, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ikán á sì jẹ ẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́wọ́ ọmọ tí kò gbé nínú ilé náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pàdánù àyẹ̀wò tí Military Pensions Board ń ṣe fún àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Bí ara rẹ̀ kò bá gbé ìrìn, ẹ tètè bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe, kí ọjọ́ náà tó kọjá.

Kí ẹ sì bi í, lónìí, pé ta ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá kú. Bàbá mi kò tíì gbéyàwó nígbà tí ó kọ tirẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó kọ, kò sì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà ti kú tipẹ́ kí bàbá tó lọ, nítorí náà orúkọ òkú ni màmá mi bá nínú fáìlì. Ó kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń wọ aṣọ dúdú kan náà lọ síbẹ̀ títí aṣọ náà fi ṣá.