Bí mo ṣe fi Python tú ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó tí ìlà rẹ̀ kò dọ́gba

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Èkìtì ní kí n bá àwọn ṣírò kòkó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbé wá àti gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Fáìlì text lásán ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Akọ̀wé ń tẹ tirẹ̀ ní Adó, àwọn tó ń wọn kòkó ní Ìjerò àti Ìkọ̀lé ń fi fóònù tẹ tiwọn ránṣẹ́. Báyìí ni ti ẹnì kan ṣe rí:

Nọ́ńbà: 041
Ìlú: Ìkọ̀lé
Kòkó: 62
Kòkó: 118
Ẹ̀yáwó: 40000

Ẹni tó gbé kòkó wá lẹ́ẹ̀kan péré ní ìlà mẹ́ta. Ẹni tó ti ń gbé e wá láti oṣù kẹwàá lè ní ogún. Nítorí náà, kò ṣeé ṣe láti ní kí kọ̀ǹpútà máa ka ìlà márùn-ún márùn-ún. Ìlà òfìfo tó pààlà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì nìkan ni gbogbo wọn fi jọra. Òun ni mo dì mú.

Awk, èdè kọ̀ǹpútà tí Aho, Weinberger àti Kernighan ṣe ní Bell Labs lọ́dún 1977, mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa: tí o bá fi RS, àmì tó ń pààlà láàárín àkọsílẹ̀, sílẹ̀ lófìfo, ìlà òfìfo di ààlà. Àmì ohùn Yorùbá ló jẹ́ kí n yan Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn:

gbogbo, eni = [], []
for ila in faili:
    ila = unicodedata.normalize("NFC", ila).strip()
    if ila:
        eni.append(ila)
    elif eni:
        gbogbo.append(eni)
        eni = []
if eni:
    gbogbo.append(eni)

Ẹ má fi ìlà méjì tó kẹ́yìn ṣeré. Ọ̀pọ̀ fáìlì kì í parí sí ìlà òfìfo, bí ìlà méjì yẹn kò bá sì sí, ẹni tó gbẹ̀yìn yóò já bọ́ láìsí ariwo kankan, kòkó àgbẹ̀ kan á wọlẹ̀. Ti strip, tó ń gé àlàfo etí ìlà kúrò, ni pé àwọn tó ń fi fóònù tẹ̀wé máa ń fi àlàfo sílẹ̀ lórí ìlà tó yẹ kó ṣófo. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó tó láti so èèyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan.

Normalize, tó ń sọ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di irú kan, gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ̀. Kí n tó fi í sí i, Ìkọ̀lé jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àròpọ̀ ìlú, iye kòkó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà 5 ni mo rí nínú méjèèjì. Mo fi len, tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, wọ̀n wọ́n: 6 ni ọ̀kan, 9 ni èkejì. Kíbọọ̀dù kan ń tẹ é ní odindi, òmíràn ń tẹ e kó tó fi àmì lé e lórí. Ọ̀ kò tilẹ̀ ní odindi tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ àti àmì ohùn ni wọ́n máa ń tò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 6, tí kì í ṣe 5. NFC, irú normalize tí mo lò, sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan náà. Àwọn kan á ní kí n kúkú yọ àmì dànù. Mi ò gbà. Ìwé tí àgbẹ̀ máa fọwọ́ sí ló máa jáde níbẹ̀, ó yẹ kí orúkọ ìlú rẹ̀ pé.

Ó ku kí n fi partition gé ìlà kọ̀ọ̀kan níbi kólọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Inú list, àkójọ tó ń gba iye púpọ̀, ni Kòkó ń lọ, torí dict lásán, tó ń fún orúkọ kan ní iye kan péré, yóò fi 118 pa 62 rẹ́.

Nígbà tó parí, mo jókòó ti akọ̀wé àti ìwé ńlá wọn. “Ẹ pe nọ́ńbà kan, sà.”

“Wo 041.”

“180 kílò, sà.”

Ó fi ìka tọ ìlà inú ìwé, ó ní ó bára mu, ó pe òmíràn. Ìlà tí ọ̀rọ̀ iwájú rẹ̀ kì í bá ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, Python kì í jù ú nù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ni ín, akọ̀wé ló sì ń pinnu ibi tó yẹ kó lọ.