Àṣìṣe tí à ń ṣe níbi ká kọ́lé sókè láìba àdúgbò jẹ́

Ilé kò tó ènìyàn l'Ékòó, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Àwọn tó ń ya plánù ìlú fẹ́ kí ilé ga, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní kó má ga. Àṣìṣe kan náà ló bá àwọn méjèèjì: iye àjà tí ilé fi ga nìkan ni wọ́n ń kà.

Ẹ má gbà pé èrò tó pọ̀ ló ń ba àdúgbò jẹ́. Ẹ wo Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ra wọn, wọ́n ń tajà nísàlẹ̀, ẹbí ń gbé lókè, fèrèsé kọjú sí títì. Ilé kò jìnnà síra níbẹ̀ rí, síbẹ̀ ojú àdúgbò náà ni gbogbo ènìyàn ń sunkún rẹ̀ báyìí. Ohun tó ń pa irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ògiri gíga àti géètì irin, tí gbogbo ìsàlẹ̀ ilé di ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí aránṣọ àti ìyá olóúnjẹ kò rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó sí mọ́. Bí òfin bá sì sọ pé fúláàtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan, òfin náà ló kọ́ géètì yẹn, ẹ má dá dẹ̀bẹ́lọ́pà nìkan lẹ́bi.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kíka àjà bí ẹni ń ka ìdílé. Ká mú ilé face-me-I-face-you kan ní Ṣómólú: yàrá mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín, sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Ìdílé mẹ́wàá ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n wó o, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oní-fúláàtì mẹ́fà. Ilé ga sí i, ìdílé mẹ́rin dínkù, apá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ká owó ilé tuntun. Lórí ìwé ìjọba, ilé ti pọ̀ sí i nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìkòyí. Ilé ilẹ̀ àwọn òyìnbó amúnisìn, tó wà láàárín ọgbà ńlá, ti di ilé gogoro, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tísà àti nọ́ọ̀sì kò sí nínú ìṣirò yẹn. Kí wọ́n tó buwọ́ lu àjà kankan, ó yẹ kí wọ́n béèrè: ìdílé mélòó ló wà níbẹ̀ lónìí, mélòó ló máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, èló ni wọ́n á sì máa san?

Ẹ má kó gbogbo ènìyàn kúrò kí ẹ tó kọ́lé. Ní 1955, Lagos Executive Development Board, àjọ tó ń bójú tó àtúnṣe ìlú Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n fún wọn dára, omi wà, ṣùgbọ́n ọjà jìnnà. Àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, agbo ilé sì tú ká. Ilé díẹ̀ díẹ̀ ló yẹ kí a máa wó, kí àwọn tó wà níbẹ̀ padà wọlé ká tó kan òmíràn.

Ìwé lásán kò sì gba ilé àtijọ́ là. Ní 1956 ni ìjọba kéde ilé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ilojo Bar ní Tinúbú gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o. Bí òfin bá ní ẹ má fọwọ́ kan ilé tí ẹ jogún, tí kò fún yín ní kọ́bọ̀ àtúnṣe, tí ilé gogoro sì ń yọ lọ́tùn-ún lósì yín, kí ni ẹ ó ṣe? Ní New York, ẹni tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ta ẹ̀tọ́ àjà tí òun kò lè kọ́ lé ilé náà fún onílẹ̀ tó wà nítòsí, kí ìyẹn fi kọ́ tirẹ̀ ga sí i. Ilé dúró, owó wọlé, àjà sì lọ síbi tó bójú mu.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò gùn: bí àjà bá lé, kí ṣọ́ọ̀kàwéè àti gọ́tà tóbi sí i ṣáájú, kí ṣọ́ọ̀kàwéè má sì sún mọ́ bóòhò. Kí ẹ sì máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe. Nínú ilé tó wó ní Ìta Fájì ní oṣù kẹta 2019, ilé ìwé ọmọdé wà nínú ilé tí a kọ́ fún gbígbé.

Bí ẹ bá sì ń pe ìpàdé lórí plánù tuntun, ẹ má pe lánlọ́ọ̀dù nìkan. Ẹ fi í sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọlọ́jà àti awakọ̀ ti wà nílé, kí ẹ sì ti lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri níbi tí ayálégbé ti lè rí i ṣáájú ọjọ́ ìpàdé.