Tí olè bá já fóònù gbà, ẹ má jẹ́ kó rí nǹkan kan kó nínú ẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé ìlú ńlá mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn dúró sétí títì ó ń wo fóònù, ẹnì kan gun bàíkì kọjá fìrì, fóònù ti lọ. Fóònù yẹn gan-an kọ́ ni wàhálà ibẹ̀ o, wàhálà ibẹ̀ ni pé báńkì wà nínú ẹ̀, ìméèlì wà nínú ẹ̀, fọ́tò àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀, kámẹ́rà tẹ́ ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà wà nínú ẹ̀, ilé míì sì wà tó jẹ́ fóònù yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Ilé lẹ ti máa ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo yín bá pé, kí kálukú gbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì, ìyá àgbà náà o.

Síìmù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ẹ lè ti fóònù pa débi tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí i, àmọ́ tí olè bá yọ síìmù tó fi í sínú fóònù tiẹ̀, nọ́ńbà yín ti di tiẹ̀ nìyẹn, kó kàn lọ sórí ìméèlì yín kó tẹ̀ ẹ́ pé òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, kọ́ọ̀dù tó máa fi yí i pa dà á wá bá a níbi tó jókòó sí. PIN orí síìmù ló máa dá a dúró, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣí fóònù lójoojúmọ́ o, ọ̀tọ̀ lèyí. Tó bá ti wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti síìmù bọ inú fóònù míì, tàbí tí wọ́n pa fóònù tí wọ́n tún tàn án, ló máa béèrè ẹ̀. Ẹ wọ sẹ́tíńgì, ẹ tẹ "SIM PIN" tàbí "SIM lock" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ó máa gbé e jáde. Àmọ́ ẹ ní sùúrù níbí: ó máa kọ́kọ́ béèrè PIN tí iléeṣẹ́ tó ni síìmù ti fi síbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 0000 tàbí 1234, ẹ má kàn máa méfò ṣá, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta ó máa tì pa, á wá ní kẹ́ ẹ mú PUK wá, ìyẹn kọ́ọ̀dù oní-nọ́ńbà mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó bá ti tì pa, tẹ́ ẹ bá sì ṣi PUK náà nígbà 10, ẹ lọ gba síìmù tuntun ni. Ẹ pe iléeṣẹ́ wọn kẹ́ ẹ bi wọ́n, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ojú fóònù nígbà tó ṣì wà ní títì. Ṣé mẹ́sẹ́ìjì ń yọ síbẹ̀ tí èèyàn lè kà á láìṣí i? Ẹ pa á, torí ibẹ̀ náà ni kọ́ọ̀dù báńkì ti ń yọ. Lórí iPhone, ẹ tún má jẹ́ kí Control Center, ìyẹn ibi táwọn bọ́tìnnì bíi ti Wi-Fi wà, ṣeé fà wálẹ̀ nígbà tó bá wà ní títì, ibẹ̀ lolè ti máa ń yára tẹ airplane mode tó ń gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ má bàa rí i mọ́.

Àwọn olè kan tiẹ̀ máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, wọ́n á wo bó ṣe ń tẹ PIN kí wọ́n tó já fóònù gbà. Torí wọn ni Apple ṣe gbé Stolen Device Protection jáde lórí iOS 17.3 lọ́dún 2024: tí fóònù ò bá sí nílé tàbí níbi iṣẹ́ yín, PIN nìkan ò tó láti fi yí páásíwọ́ọ̀dù Apple yín pa dà, ó máa wo ojú yín, á ní kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan, á tún wo ojú yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti Android ni Theft Detection Lock, ó máa ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n já òun gbà wọ́n ń sá lọ, á sì ti ara ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wà ní títàn.

Ó wá kan ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé àti báírò. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tò tẹ̀ léra tó máa gbé wá ni IMEI, òun ni wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè fi pe báńkì sí i, àti kọ́ọ̀dù 10 tí Google máa ń fúnni pé kéèyàn tọ́jú (backup codes), tẹ́ ẹ lè fi wọ àkáǹtì yín tí fóònù ò bá sí lọ́wọ́ yín. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú fóònù náà o, mo mọ̀ yín. Kí àwọn ọmọ mọ nọ́ńbà ẹnì kan sórí. Tó bá sì jẹ́ orí fóònù bàbá nìkan ni kámẹ́rà àti ilẹ̀kùn wà, ẹ fi ẹnì kejì sí i kó láṣẹ bíi tiẹ̀, kó lè yọ fóònù tí wọ́n jí kúrò níbẹ̀. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp láé, tí mẹ́sẹ́ìjì bá wá látorí nọ́ńbà ọmọ yín pé "Mọ́mì, ẹ bá mi fowó ránṣẹ́ kíákíá", ẹ bi í lọ́rọ̀ yẹn.

Tí wọ́n bá wá já a gbà ńkọ́? Ẹ má lé wọn. Ẹ gba fóònù ẹni tó bá wà nítòsí, ẹ pe iléeṣẹ́ síìmù kí wọ́n ti nọ́ńbà, ẹ pe báńkì, lẹ́yìn náà ẹ ti fóònù látòkèèrè. Tó bá jẹ́ iPhone, icloud.com/find ò ní béèrè kọ́ọ̀dù tó ń lọ sórí fóònù tí wọ́n jí, páásíwọ́ọ̀dù Apple yín nìkan ti tó. Lórí Android, android.com/lock kàn máa béèrè nọ́ńbà fóònù yín, tẹ́ ẹ bá ti tan Remote Lock sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí máàpù bá fi ibi tó wà hàn yín, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ fún, kí bọ̀dá kankan má lọ kanlẹ̀kùn wọn. Tẹ́ ẹ bá ti gba síìmù yín pa dà, ẹ fi ṣí WhatsApp lórí fóònù míì, ó máa lé olè jáde.

Ó ṣì ku nǹkan kan o, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Mẹ́sẹ́ìjì máa wọlé pé wọ́n ti rí iPhone yín, kẹ́ ẹ tẹ líǹkì yìí kẹ́ ẹ wo ibi tó wà, á jọ ti Apple gan-an. Àwọn olè yẹn ni, wọn ò rí fóònù náà lò ni, páásíwọ́ọ̀dù yín ni wọ́n ń wá. Àwọn míì á halẹ̀ mọ́ yín, àwọn míì á bẹ̀ yín pé àwọn ra á ni, pé kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì yín. Ẹ má dáhùn, ẹ má sì yọ ọ́, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ni wọ́n tó lè tà á.